Bí ẹ ṣe lè bá àgbàlagbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà sọ̀rọ̀ oúnjẹ kó sì wọlé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ẹ ò gbọdọ̀ jẹ" bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ń jẹ oúnjẹ kan láti kékeré, tó fi tọ́ ọmọ dàgbà, tẹ́ ẹ wá sọ fún wọn lẹ́ni ọdún 70 pé májèlé ni, wọ́n á kàn mirí ni, wọ́n á ní "mo ti gbọ́", ẹ̀yin ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti padà sídìí ẹ̀. Wọ́n fún màmá mi ní bébà kan nígbà kan, àwòrán oúnjẹ ló kún inú ẹ̀, kò sí ìkankan tá a ti sè rí nílé wa. Màmá ká bébà yẹn sí mẹ́rin, wọ́n tì í bọ abẹ́ pílò, ó parí.

Ìbéèrè ni kẹ́ ẹ fi ṣíwájú. Kí lẹ jẹ lánàá? Ta ló sè é? Ṣé ẹ dá jẹ ni àbí ẹ jọ jẹ? Eyín ńkọ́, ṣé ó ń rún nǹkan líle? Kẹ́ ẹ sì dákẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ẹni tó ń dáná gan-an gbọ́dọ̀ wà níjòókòó o, torí tí baba bá gbọ́ gbogbo ẹ̀ tí ẹni tó ń bu oúnjẹ fún wọn ò gbọ́, a kàn sọ̀rọ̀ sáfẹ́fẹ́ ni.

Ẹ wá gbé àwo tí wọ́n fi ń jẹun gangan wá, èyí tó fẹ̀ tó ínṣì 9 ló dáa. Ẹ fi ìka fa ilà sáàárín ẹ̀: ìdajì fún ẹ̀fọ́, kẹ́ ẹ pín ìdajì tó kù sí méjì, apá kan fún ẹran, ẹja tàbí ẹyin, apá kan fún ìrẹsì, búrẹ́dì tàbí èyíkéyìí tí wọ́n kà sí oúnjẹ gidi lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹ ò yọ oúnjẹ wọn kúrò, ẹ kàn dín àyè ẹ̀ kù ni. Tó bá jẹ́ àsèpọ̀ tí ilà ò ṣeé fà, kí wọ́n di ẹ̀ṣẹ́, kí ìrẹsì tàbí búrẹ́dì yẹn má ju ìkúùkù wọn lọ. Tí wọ́n bá máa ń jọ jẹun, ẹ kọ́kọ́ bu tiwọn sọ́tọ̀ àmọ́ kí wọ́n ṣì jókòó sáàárín ará ilé. Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹran, ṣúgà ò ní tètè gòkè. Èso, kí wọ́n jẹ ẹ́ lódindi dípò kí wọ́n mu omi ẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ jù, pàápàá fún àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo glibenclamide, oògùn oníhóró kan tó ń fa ṣúgà wálẹ̀. Àgbàlagbà lè má làágùn, ara wọn lè má gbọ̀n, wọ́n á kàn máa sọ ìsọkúsọ, ẹ̀yin á rò pé ogbó ni. Ẹ fi ẹ̀rọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò kíá. Tó bá wà lábẹ́ 70 mg/dL, ẹ fún wọn ní ṣúgà tó tó gíráàmù 15, bí ìdajì ife omi èso, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọn ò bá mọ ara wọn mọ́, ẹ má da nǹkan kan sí wọn lẹ́nu, ọsibítù ni.

Torí ẹ̀ náà ni mi ò ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ febi pa wọ́n. Àgbàlagbà tó ti rẹ̀, tí àìsàn pọ̀ lára ẹ̀, dọ́kítà lè ní kí HbA1c wọn, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta, ṣáà wà lábẹ́ 8%. Tí wọ́n bá ń gbààwẹ̀, ẹ má bá wọn jiyàn ẹ̀sìn, ẹ tètè mú wọn lọ rí dọ́kítà kí ààwẹ̀ tó dé kó lè tún oògùn wọn tò. Tí wọ́n bá ń lo àgbo, ẹ rọra béèrè, ẹ má rẹ́rìn-ín, kí dọ́kítà ṣáà mọ̀ sí i.

Tẹ́ ẹ bá padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ẹ má bi wọ́n pé ṣé ó yé yín. Ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ ara wọn bu oúnjẹ. Tó bá pọ̀ jù, ẹ má gba síbí lọ́wọ́ wọn, ẹ bi wọ́n pé èwo ni ká dín, kí wọ́n fúnra wọn dá a padà sínú ìkòkò.