Bí Ará Ilé Ṣe Lè Mú Ayé Rọrùn Fún Ẹni Tó Ní Wárápá

Àbúrò mi obìnrin ń ro àmàlà lọ́wọ́ ní àgbàlá wa ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, nígbà tí wárápá gbé e ṣánlẹ̀. Ìkòkò dojú dé, omi gbígbóná bó o láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Àwọn tó wà nítòsí sá sẹ́yìn, torí wọ́n gbà pé itọ́ ẹnu rẹ̀ lè kó wárápá ràn wọ́n. Irọ́ ni. Wárápá kì í ràn. Inú ọpọlọ ló ti ń wá, nígbà tí iná kékeré tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara bá ṣàdéédé pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ká ní wọ́n mọ̀ ni, wọn ì bá ti fà á kúrò nínú omi yẹn kíá, àpá ọwọ́ rẹ̀ kì bá sì tó báyìí.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ní Ìbàdàn, àwọn dókítà ọpọlọ wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó rí i nígbà tó ṣubú ni kó tẹ̀ lé e, torí ẹni tí ó gbé kì í rántí nǹkan kan. Bí ẹ bá lè fi fóònù ya fídíò rẹ̀ nígbà tó ń jì, ẹ yà á, kí dókítà wò ó. Ẹ má sì rò pé ilé tiyín nìkan ni: nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, dókítà ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn ṣèwádìí ní ìlú Igbó-Ọrà, bí ẹni 5 nínú 1,000 ni wọ́n rí tó ní in.

Lẹ́yìn náà ni oògùn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń kọsẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tó ẹni 70 nínú 100 ni wárápá lè dáwọ́ gbígbé dúró fún pátápátá bí wọ́n bá rí oògùn tó yẹ wọn lò. Ọjọ́ gbogbo ni ó gbọ́dọ̀ lò ó, ní wákàtí kan náà. Àbúrò mi so tirẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ àárọ̀: kò ní fẹnu kan ẹ̀kọ kó tó gbé oògùn mì. Ẹ ra òmíràn kí ti ọwọ́ tó ku ti ọ̀sẹ̀ kan. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí kò gbé e, oògùn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Bí ó bá já oògùn sílẹ̀ lójijì, wárápá lè padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí Ramadan tàbí ààwẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bá ń bọ̀, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú. Àìsùn òru ní ilé àdúrà náà léwu fún un. Èmi kò rí ohun tó burú nínú kí ó gbàdúrà nílé kó sì sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dí èémí lọ́wọ́. Ó ti pa ọmọ.

Nínú ilé, kí ó sọ ìkòkò kalẹ̀ kúrò lórí iná kó tó da èlùbọ́ sí i. Kí ẹlòmíràn máa fa omi kànga. Nínú balùwẹ̀, kí ó pa ilẹ̀kùn dé láìtì í. Bẹ́ẹ̀dì tó ga kò dára, tìmùtìmù orí ilẹ̀ sàn jù.

Bó bá wá gbé e ńkọ́? Ẹ wo aago lójú ẹsẹ̀. Ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò, ẹ ká aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ tú ohun tó bá fún un lọ́rùn. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu: eyín ló máa ń kán, tàbí kí ìka ẹni tó ń tì í gé. Kò sí omi, kò sí epo, kò sí ata lójú, kò sí iná lẹ́sẹ̀. Bí jìjì náà bá ti rọlẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Bó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí tí òmíràn tún dé kí ó tó lajú, ọsibítù yá. Ó lè tọ̀ sára. Ìyá wa máa ń tú ìborùn wọn lọ́rùn, wọ́n á fi bò ó nídìí kí èrò tó pé jọ. Ẹ dúró tì í títí yóò fi mọ ibi tó wà.

Obìnrin tó bá fẹ́ lóyún, kí ó rí dókítà kó tó lóyún, torí oògùn kan bíi valproate lè ba ọlẹ̀ jẹ́. Kí ó má dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀.

Ọ̀kadà kọ́, ọkọ̀ wíwà náà kọ́, àfi bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ẹ sọ fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ń bá a ṣiṣẹ́, kí ẹ fi ohun tí wọn yóò ṣe hàn wọ́n. Nínú àpò àbúrò mi, ìwé kékeré kan wà tí orúkọ oògùn rẹ̀, iye tó ń lò, àti nọ́ńbà fóònù mi wà lára rẹ̀. Ó fi ọ̀rá wé e kí òjò má bà á jẹ́.