Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fa títáníọ̀mù nínú iléru

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni pé bí a bá ń fa irin títáníọ̀mù nígbà tó ṣì gbóná, àwọn pẹlẹbẹ álífà (ìtò tí irin náà ń gbé wọ̀ bó bá ń tutù) á kàn yára hù sí i. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá tí ìfà ń ṣe níbẹ̀, yíyàn ni: òun ló ń yan pẹlẹbẹ tí yóò gbilẹ̀.

Ẹ wo Ti-6Al-4V, àdàlù títáníọ̀mù pẹ̀lú alumíníọ̀mù àti fanádíọ̀mù. Tó bá tutù wá sísàlẹ̀ nǹkan bí 995°C, álífà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín bẹ́tà, ìyẹn ìtò tí irin náà ní nígbà tó gbóná gan-an. Ìbátan ìdùbúlẹ̀ álífà sí bẹ́tà tí onímọ̀ Burgers ṣàlàyé lára irin sìkóníọ̀mù lọ́dún 1934 náà ló ń darí rẹ̀: ọ̀nà 12 ni pẹlẹbẹ lè gbà dùbúlẹ̀ nínú hóró (kírísítálì) bẹ́tà kan. Láìsí ìfà, kò sí èyí tó ju èkejì lọ. Bí ìfà bá ti dé, àwọn tí ìyípadà ìrísí wọn bá ìfà náà mu á gbilẹ̀, àwọn tó kù á ráńpẹ́. Tẹ̀ ẹ́ dípò kó o fà á, àwọn mìíràn ni yóò jàǹfààní. Ṣùgbọ́n ìfúnpá tó dọ́gba yí ká kì í yan ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Àṣìṣe tó ń bí mi nínú jù ni kéèyàn dúró kí álífà yọ tán kó tó gbé ẹrù lé e. Ẹni tó tètè dé òde àríyá ló ń rí àga jókòó! Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni agbára ìfà pọ̀ jù. Kì í tún ṣe pé bó bá ṣe wúwo tó ló ṣe dára tó: ẹrù àpọ̀jù nínú ooru á kàn máa na irin náà ni, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n á sì dàrú.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tẹ́ ẹ pè ní “aláìlẹ́rù”, ìyẹn irin tẹ́ ò fà, tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣàfiwé. Bí ẹ bá yọ ọ́ nínú iná tẹ́ ẹ sọ ọ́ sómi, òde á tutù ṣáájú inú, ìfà á sì kù sára rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti lù tàbí tẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ń kó àbùkù sínú, ibẹ̀ ni álífà sì fẹ́ràn láti hù sí.

Ẹ má sì fi líle nìkan ṣèdájọ́. Irin méjì lè le bákan náà, kí pẹlẹbẹ wọn kọjú síbi tó yàtọ̀ pátápátá. EBSD, ọ̀nà tí a fi ń wo ìdùbúlẹ̀ kírísítálì nínú maikirosíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ló ń fi èyí hàn, lórí ọ̀pọ̀ hóró o, torí hóró bẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní ìdùbúlẹ̀ tirẹ̀ sí ìfà. Bó bá jẹ́ inú afẹ́fẹ́ lásán lẹ ti mú un gbóná, ẹ kọ́kọ́ ha òde rẹ̀ dànù: ọ́síjìn máa ń dá awọ álífà líle síbẹ̀ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìfà rárá.