Àdéhùn Iṣẹ́ Àkọ́kọ́ Nínú Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Rí I, Bí Wọ́n Ṣe Ń Kà Á

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ jẹun kò sí ní NBA, líìgì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, wọn ò sì ní débẹ̀. Ẹgbẹ́ 30 péré ló wà níbẹ̀. Tí ìdíje bá ti ń lọ, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ní ju agbábọ́ọ̀lù 15 lọ lórí àdéhùn gidi, pẹ̀lú àwọn 3 tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín NBA àti G League, líìgì kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn yòókù wà káàkiri Yúróòpù, Éṣíà, Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Àdéhùn ọdún kan ọdún kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, òmíràn ò tiẹ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ ìwé àdéhùn kà bó ṣe mọ bọ́ọ̀lù jù.

Iṣẹ́ kan pàtó ni kí o mú lọ

Kóòṣì tó ń wá èèyàn kì í wá ẹni tó mọ gbogbo nǹkan díẹ̀díẹ̀. Àlàfo kan ló fẹ́ dí: ẹni tó ń jù ú wọlé láti ẹ̀yìn ìlà three-point (ìlà jíjìn tí bọ́ọ̀lù tó bá ti ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé ń jẹ́ àmì mẹ́ta), ẹni tó lè di òléwájú alátakò mú, tàbí ẹni tó ń kó rebound, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó ta padà nígbà tí kò wọlé. Lọ́dún 1996, kò sí ẹgbẹ́ kankan tó mú Ben Wallace nígbà tí NBA ń yan àwọn ọ̀dọ́. Nínú gbogbo free throw (jíjù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún ẹni tí alátakò ṣẹ̀) tó jù títí tó fi fẹ̀yìn tì, èyí tó wọlé kò tó ìdajì. Síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó mọ ọ̀nà dí jù lọ lọ́dún, wọ́n sì gbé orúkọ rẹ̀ wọ Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni eré náà, lọ́dún 2021.

Tó bá jẹ́ jíjù ni iṣẹ́ tìrẹ, mọ ìlà tí wàá ti máa jù ú. Lábẹ́ òfin FIBA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lágbàáyé, mítà 6.75 ni ìlà three-point sí apẹ̀rẹ̀. Ti NBA jẹ́ mítà 7.24, ṣùgbọ́n ní igun pápá ó sún mọ́ apẹ̀rẹ̀ dé 6.70. Gíga apẹ̀rẹ̀ kò yàtọ̀, mítà 3.05 ni níbi gbogbo. Nígbà ìgbaradì, èyí tó wọlé ni kí o máa kà. Yan ibi márùn-ún lẹ́yìn ìlà náà, má kúrò níbì kan àfi tí mẹ́wàá bá wọlé, kí o sì kọ iye tí o jù kí mẹ́wàá náà tó pé sílẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ń kúrú, ẹsẹ̀ ni kí o wò: orúnkún tó ti rẹ̀ kì í tẹ̀ mọ́, apá nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Bó bá ń yà sọ́tùn-ún sósì, ọwọ́ kejì tó yẹ kó kàn gbé bọ́ọ̀lù ró ló ń fi àtàǹpàkò tì í.

Free throw sábà máa ń wá ní méjì méjì, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbá ọ lulẹ̀ tí èémí rẹ ò tíì balẹ̀. Nítorí náà, kò wúlò púpọ̀ kí o dúró sójú kan ju àádọ́ta léra. Sáré lọ sáré bọ̀ lórí pápá, ju méjì, tún sáré. Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ti Amẹ́ríkà lọ sí Yúróòpù máa ń gbàgbé: NBA fún ẹni tó fẹ́ ju free throw ní ìṣẹ́jú àáyá 10, FIBA fún un ní 5 péré. Ẹni tó máa ń ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, kó yí i lọ́wọ́, kó tún mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, rẹfirí á ti fọn fèrè kó tó gbé apá sókè.

Fídíò àti ejẹ́ńtì

Fídíò rẹ ni kóòṣì tó wà lókè òkun máa kọ́kọ́ rí. Má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú 4 lọ. Níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kọ orúkọ, ọdún ìbí, gíga láìwọ bàtà, ipò tí o ń gbá àti ìwé ìrìnnà tí o ní. Ọ̀pọ̀ líìgì ló ní iye àjèjì tí kíláàbù lè lò, ìwé ìrìnnà kejì sì lè sọ owó rẹ di nǹkan mìíràn. Má fi sẹ̀ǹtímítà kún gíga rẹ, wọ́n á wọ̀n ọ́ tí o bá débẹ̀. Fi ọfà tọ́ka sí ara rẹ kí ìran kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa wá ọ kiri láàárín èèyàn mẹ́wàá. Dunk (fífò kí o fọwọ́ ti bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀) mẹ́jọ léra ò fi nǹkan kan han kóòṣì. Ibi tí o ti ń sáré padà wá dínà lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti bọ́ lọ́wọ́ yín ló fẹ́ rí. Ní eré odidi méjì sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n ti nà yín, nítorí ẹni tó bá fẹ́ràn ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn á béèrè fún un.

Ejẹ́ńtì tó fẹ́ gbé ọ lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ FIBA. Àdéhùn ìwọ àti òun kò gbọdọ̀ ju ọdún 2 lọ kí ẹ tó tún un ṣe, owó rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú 100 owó tó ń wọlé fún ọ lẹ́yìn owó orí. Ní Yúróòpù, kíláàbù ló sábà ń san án. Ní NBA, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ń fún ejẹ́ńtì láṣẹ, ìdá 4 nínú 100 sì ni òkè téńté. Ẹni tó bá ní kí o mú owó físà tàbí owó ìdánwò wá kí iṣẹ́ tó dé, gbájúẹ̀ ni. Bí o kò bá sì tíì pé ọdún 18, FIBA kì í gbà kí o kọjá sí kíláàbù orílẹ̀-èdè mìíràn àfi lórí ìdí pàtàkì. Ejẹ́ńtì tó bá ní kò sí wàhálà ń tàn ọ́ jẹ.

Inú ìwé àdéhùn

Iye owó ni kí o kọ́kọ́ wò. Iye tó máa wọ ọwọ́ rẹ lẹ́yìn owó orí ni àwọn kíláàbù Yúróòpù sábà ń kọ, àwọn ló ń san owó orí. Iye tí wọ́n ń pariwo ní NBA, wọn ò tíì yọ owó orí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀kan wé èkejì láìṣírò á ṣi iṣẹ́ yàn.

Ọjọ́ tí owó ń wọlé ló kàn. Oṣù 8 sí 10 ni wọ́n sábà ń pín owó sáà kan sí. Kí déètì kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, kì í ṣe “ìparí oṣù”. Kí gbólóhùn kan tẹ̀ lé e tó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí owó bá pẹ́: fún àpẹẹrẹ, lẹ́yìn ọjọ́ 15 o lẹ́tọ̀ọ́ láti má lọ síbi ìgbaradì, lẹ́yìn ọjọ́ 30 o lè kúrò, kí gbogbo owó tó kù sì di gbèsè lọ́rùn kíláàbù. Iye ọjọ́ yẹn ṣeé dúnàá dúrà, gbólóhùn náà kò ṣeé yọ. Kíláàbù tó bá ní kí o yọ ọ́ ti sọ fún ọ bó ṣe ń sanwó. Má sì kàn dìde lọ láìkọ lẹ́tà ṣáájú, torí ìwọ ni wọ́n máa sọ pé ó da àdéhùn.

Àyẹ̀wò dókítà ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn tuntun jẹ jù. Àdéhùn kì í sábà múlẹ̀ àfi tí o bá yege níbẹ̀. Bí kò bá sí gbèdéke, wọ́n lè jẹ́ kí o gbaradì fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí eré rẹ ò bá wù wọ́n, kí wọ́n wá “rí” nǹkan lórúnkún rẹ. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé wákàtí 72 lẹ́yìn tí o bá dé ni àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ parí, àti pé bí wọn ò bá ṣe é, tàbí bí wọ́n bá jẹ́ kí o gbaradì ṣáájú rẹ̀, o ti yege nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, wá gbólóhùn tó ní wọn ò lè lé ọ torí pé o farapa tàbí pé eré rẹ lọ sílẹ̀. Láìsí i, ọrùn ẹsẹ̀ tó yẹ̀ lóṣù kejì lè sọ ọ́ di aláìríṣẹ́.

Ilé, mọ́tò àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú wà lára owó iṣẹ́. Béèrè ẹni tó ń san owó iná, àti iye tó máa ti àpò rẹ jáde bí mọ́tò bá gbá nǹkan.

Bí ìjà bá dé, ẹjọ́ ní kóòtù ìlú àjèjì lè pẹ́ títí. FIBA dá Basketball Arbitral Tribunal, tí wọ́n ń pè ní BAT, sílẹ̀ lọ́dún 2007. Geneva ni ibùjókòó rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń gbẹ́jọ́. Àmọ́ wọn ò ní gbọ́ tìrẹ àfi tí àdéhùn bá ti fún wọn láṣẹ. FIBA ti kọ gbólóhùn àṣẹ náà sílẹ̀ fáwọn tó bá fẹ́ lò ó. Dà á kọ bó ṣe wà, má tún un sọ lọ́rọ̀ tìrẹ. Kíláàbù tó bá kọ̀ láti san owó tí BAT ní kó san, FIBA lè dá a dúró láti gba agbábọ́ọ̀lù tuntun.

Bí o bá ṣì ń wo NBA

Ìpele méjì ni yíyan ọ̀dọ́ ní, àyè 60 bí wọn ò bá gba àyè kankan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan. O gbọ́dọ̀ pé 19 lọ́dún tí wọ́n máa yàn ọ́. Ẹni tí wọ́n mú ní ìpele àkọ́kọ́ tó sì fọwọ́ síwèé ní ọdún méjì tó dájú, ẹgbẹ́ ló máa pinnu ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Ìpele kejì kò ní ìdánilójú bẹ́ẹ̀ nínú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò 41 ni wọ́n ti mú Nikola Jokić lọ́dún 2014. Ẹni tí wọn ò mú, kó lọ síbi tí wọ́n ti máa fún un ní ìṣẹ́jú lórí pápá. Udonis Haslem lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Faransé nígbà tí wọn ò mú un lọ́dún 2002, ó padà sí Miami lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì lo sáà 20 níbẹ̀.

Ara

Ọrùn ẹsẹ̀ ló ń yẹ̀ jù nínú eré yìí, òun náà ni wọ́n sì ń kánjú padà lé lórí jù. Ìrora tó lọ kò tíì sọ pé ó ti san. Fi ẹsẹ̀ kan dúró, di ojú, ka 30. Fi ẹsẹ̀ kan náà gbé gìgísẹ̀ sókè sílẹ̀ lẹ́ẹ̀ 25. Fò síwájú lẹ́ẹ̀mẹta kí o wọn bó ṣe jìnnà tó. Bí ẹsẹ̀ tó yẹ̀ kò bá ṣe tó ìdá 90 nínú 100 ohun tí èkejì ṣe, má tíì wọ pápá. Ìrora tó bá wà lábẹ́ eegun orúnkún láàárọ̀ ń béèrè kí fífò dínkù, kí o máa fi ẹrù wúwo lọ́ra tẹ orúnkún. Ìsinmi pátápátá kì í wò ó. Okùn orúnkún tó já ń gba bí oṣù mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oògùn afúnni-lókun tí wọ́n ń tà nínú ike, má gbé e mì tí ilé ìṣàyẹ̀wò tó dá dúró ò bá tíì yẹ irú rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá rí ohun èèwọ̀ nínú ìtọ̀ rẹ, ìwọ ló máa dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ò mọ̀.

Nígbà tí sáà bá parí, gba ìwé owó orí, àkọsílẹ̀ dókítà àti fídíò gbogbo eré kí o tó kúrò níbẹ̀. Gba lẹ́tà tó sọ déètì tí àdéhùn parí, torí àjọ orílẹ̀-èdè tí o ti kúrò ló máa fún kíláàbù tuntun ní ìwé ìdásílẹ̀, àdéhùn tí kò tíì tán sì ni ìdí tí wọ́n fi lè kọ̀. Bí wọ́n bá gbé ìwé kan wá ní pápákọ̀ òfuurufú pé kí o fọwọ́ sí i pé o ti gba gbogbo owó rẹ, kọ́kọ́ wo báǹkì rẹ ná.