Ẹ Kọ́ Àdúà Oorun àti ti Jíjí Pọ̀

Ẹ̀yin ará, bí àdúà oorun àti ti jíjí bá ń dàrú mọ́ yín lẹ́nu, ẹ má kọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni kí ẹ fi so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ sùn yóò wí pé “Bismika Allaahumma amuutu wa ahyaa”, ìyẹn ni pé ní orúkọ Rẹ, Ọlọ́hun, ni mo ń kú tí mo sì ń yè. Bí ó bá jí, ìyè ni yóò ṣáájú (ó kúkú ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni): “Alhamdu lillaahil-ladhii ahyaanaa ba‘da maa amaatanaa wa ilayhin-nushuur”, ìyẹn ni pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó fún wa ní ìyè lẹ́yìn tí ó ti mú wa kú, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ sì ni àjíǹde. Ẹni tí ó mọ ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ tí ó kù kò pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n “h” inú “ahyaa” kì í ṣe “h” ti Yorùbá, ọ̀nà-ọ̀fun ni ó ti ń jáde, ìwé kò sì lè kọ́ni. Ẹ kà á sí etígbọ̀ọ́ àáfáà ilé-kéwú àdúgbò yín.