Oṣù mọ́kànlá kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń dín sísanra kù fún mi

Mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ náírà ni ilé ìwòsàn pè é fún mi ní oṣù kẹta ọdún 2023. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé mi wọ tíátà ní oṣù kejì ọdún 2024, owó tó ti kúrò lọ́wọ́ mi ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Inú ṣì ń bí mi títí dòní. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn ni mo ń bá jà o. Ó gbè mí, bí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe lọ́la, màá ṣe é. Bí wọ́n ṣe dá mi dúró ni mo fẹ́ sọ.

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Kílò 126 ni mo wọ̀n, BMI mi, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wo bí èèyàn ṣe sanra tó sí gíga rẹ̀, sì jẹ́ 47. Ṣúgà wà, ẹ̀jẹ̀ ríru wà, orúnkún ń ro mí débi pé ọmọ tó ń bá mi tajà ló máa ń gun àga bá mi gbé aṣọ. Mo ti mu àgbo, mo ti gbààwẹ̀, mo ti rìn yí pápá ká láàárọ̀ fún oṣù mẹ́fà gbáko. Kílò mẹ́wàá á lọ, méjìlá á padà wá. Dókítà tó ń tọ́jú ṣúgà mi ló wá ṣàlàyé sleeve fún mi: wọ́n á gé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù kúrò, ibi tí omi ara tó ń pa ni lébi ti ń wá jù lọ á sì bá a lọ. Bàbá àwọn ọmọ mi kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ìyá mi sunkún, wọ́n ní ta ni wọ́n ń la inú ẹ̀ torí pé ó sanra? Èmi ti pinnu.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ti ọkàn, kámẹ́rà tí wọ́n ń tì bọ ọ̀nà ọ̀fun, gbogbo ìyẹn ò le. Mo san mílíọ̀nù kan àbọ̀ sílẹ̀, wọ́n dá ọjọ́ fún mi ní òpin oṣù kẹfà, l'Ékòó. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n ní kí n jáwọ́ nínú ẹ̀bà, ìrẹsì àti búrẹ́dì, kí ẹ̀dọ̀ tó bo àpòlúkù lè sún kì. Ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ ni mò ń jẹ. N kò yà bàrá lọ́jọ́ kan.

Láàárín oṣù náà ni Báǹkì Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa dá iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà sí. Ọjọ́ kejìlá tí mo bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ẹ̀dọ̀, ìyẹn oúnjẹ tó ń mú ẹ̀dọ̀ sún kì yẹn, fóònù dún. “Ẹ má bínú mà, iye tí a sọ fún yín yẹn ti yí padà.” Mo ní kí ló yí i padà? Wọ́n ní dọ́là.

Mo wọ mọ́tò lọ s'Ékòó lọ́jọ́ kejì. Mo bi wọ́n, kí ni ẹ fẹ́ fi dọ́là rà nínú iṣẹ́ abẹ mi? Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí ọ̀gá kan tó fi ìwé hàn mí. Káátíríìjì ẹ̀rọ stapler ni, ẹ̀rọ tó ń gé ẹran ara tó sì ń fi pín-ìn kán an pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́fà ni wọ́n kọ fún mi, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Mo ní, ẹ̀yin tí ẹ ti gbowó lọ́wọ́ mi láti oṣù kẹta, kí ló dé tí ẹ ò fi rà á nígbà náà? Wọ́n ní ó máa ń ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó rà á. Ẹni tó ń tajà bíi tèmi mọ̀ pé ìyẹn ò tọ̀nà. Bí oníbàárà bá ti sanwó àǹkárá sílẹ̀, tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń yà sọ́tọ̀.

Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà. Wọ́n ní àwọn á yọ ìdá kan nínú márùn-ún. Mo bá dúró. Mo yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Nígbà tí yóò fi pé ní oṣù kẹwàá, iye ti tún gbéra. Wọ́n tún ní àyẹ̀wò tí mo ṣe ti gbó, kí n tún un ṣe, kí n sì sanwó ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo jókòó sínú ọkọ̀ n'Ójọ́ta tí mo sunkún.

Ní oṣù kìíní ni ojú mi là. Mo ní káátíríìjì nìkan ni màá sanwó ẹ̀ lónìí, ẹ rà á, ẹ jẹ́ kí n fojú rí i. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n gbé páálí kékeré jáde. Mo ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo wo ọjọ́ tó máa kú, mo kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè oníbàárà, mo sì ní kí wọ́n fi báírò kọ orúkọ mi sára páálí náà. Wọ́n kọ ọ́. Mo tún oúnjẹ ẹ̀dọ̀ jẹ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó pé.

Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, mo sùn, mo jí. Ọjọ́ mẹ́ta, mo ti wà nílé.

Ìyá mi tó sunkún yẹn náà ló tọ́jú mi. Wọ́n á sẹ́ ògì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á bù ú sínú ìdérí oògùn ikọ́ ọmọdé, èmi á máa fi ṣíbí tíì lá a. Ìdérí kan ṣoṣo yẹn ń gbà mí ní ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo bọ́ sórí mọ́ínmọ́ín àti ẹja tí a tẹ̀. Títí dòní, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà ni mo ń kọ́kọ́ jẹ. N kì í mu omi mọ́ oúnjẹ, mo máa ń dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Iyán, mo ti fi í sílẹ̀.

Irun mi já ní oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù bà mí gan-an. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀, pé ó sì máa ń padà hù. Wọn ò sì kọ owó fítámì sínú ìwé kankan, bẹ́ẹ̀ títí ayé ni mo máa lò ó. Ẹ ya ti ọdún kan sọ́tọ̀ kí ẹ tó dá ọjọ́. Ẹ béèrè iye tí wọ́n máa yọ bí ẹ bá fẹ́ gbowó yín padà. Ẹ béèrè oṣù mélòó tí àyẹ̀wò fi máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì fẹ́ bímọ, ó kéré tán, ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n ní kí a fi dúró.

Kílò 84 ni mo wà báyìí. Dókítà ti ní kí n dá oògùn ṣúgà dúró, ó ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jà, wọ́n sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi pé àìsàn ń jẹ mí. Èmi ni mo ń gun àga gbé aṣọ mi.

Ìyá kan ní ìlà wa fẹ́ ṣe é báyìí. Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo tẹ̀lé wọn lọ. Kí wọ́n tó ṣí báàgì, mo ní kí àwọn tó wà nídìí owó kọ ohun tí wọ́n máa fi dọ́là rà sórí ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n máa rà á. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi kó ìwé náà jáde.