Bí a ṣe ń pín àmónọ́ìdì ìgbà Permian sí ìran

Ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ òkúta ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè ṣa àmónọ́ìdì, ẹran òkun oníkarahun tó ti parẹ́ tipẹ́, tó di òkúta, lẹ́yìn ilé. Inú ooru ńlá abẹ́ ilẹ̀ ni òkúta líle tó wà níbẹ̀ ti jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ọ̀yọ́. Ìkarahun kò lè kù sínú irú rẹ̀. Èyí tó wá láti ibòmíràn, tàbí èyí tí wọ́n fi P.O.P. dà, la ń gbé sórí tábìlì.

Bí ìwo àgbò ni ìkarahun àmónọ́ìdì ṣe ká. Ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pín inú rẹ̀ sí yàrá, ibi tí ògiri kọ̀ọ̀kan sì ti kan ìkarahun ni ìlà tí à ń wá wà. Bí ìkarahun bá ṣì bò ó, ìlà kò ní hàn. Fi abẹ́rẹ́ líle ha á kúrò díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi. Má rẹ́ ẹ jìn! Bí o bá ti wọnú jù, gígé wẹ́wẹ́ ara ìlà yóò pòórá, wàá sì pe ohun tó díjú ní ohun tó rọrùn. Àṣìṣe yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Má sì rì í sínú ásíìdì bí òkúta ẹfun bá yí i ká, torí ásíìdì kò ní mọ èwo ni òkúta, èwo ni ìkarahun.

Tẹ́ láílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara lé e, kí o fi bíírò ẹlẹ́nu tín-ín-rín tọ ìlà kan láti ẹ̀yìn ìta (etí òde ìyípo) dé ìdodo (kòtò àárín rẹ̀). Fi ọfà sí ẹ̀yìn ìta, kí orí rẹ̀ kọjú sí ẹnu ìkarahun. Yẹra fún ìlà méjì-mẹ́ta tó gbẹ̀yìn lára àgbà: wọ́n máa ń fún pọ̀.

Ibi tó yọ síhà ẹnu là ń pè ní gàárì. Èyí tó tẹ̀ sẹ́yìn, ahọ́n. Bí méjèèjì bá dán, irú goniatite ni. Bí gàárì bá dán, tí ahọ́n ní eyín bí ayùn, irú ceratite ni. Bí méjèèjì bá gé wẹ́wẹ́, irú ammonite ni.

Ṣùgbọ́n irú ìlà kì í ṣe ìran, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá àwọn àmónọ́ìdì tó bára tan. Ìran Goniatitida ni Cyclolobus (àmónọ́ìdì ìgbà Permian kan), síbẹ̀ ìlà rẹ̀ gé wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá fi ìlà nìkan dájọ́ yóò gbé e fún ìran Ammonitida, tí kò tíì dé ayé nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tú ìyípo inú wò: bí ahọ́n ṣe ń pọ̀ sí i láti kékeré ló ń fi ìran hàn.

Lẹ́yìn náà, mú kálípà. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ mìlímítà 40 láti etí dé etí, tí ìdodo jẹ́ 10, tí sísanra jẹ́ 28, kọ 0.25 (10 tí a pín sí 40) àti 0.70 (28 tí a pín sí 40), kí o sì kọ 40 náà sí i, torí ìṣirò yìí ń yí padà bó ṣe ń dàgbà. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò bá dọ́gba, òkúta ti tẹ̀ ẹ́. Má lo sísanra rẹ̀.

Goniatitida parẹ́ pátápátá nínú ìparun tó parí ìgbà Permian, nǹkan bíi mílíọ̀nù 252 ọdún sẹ́yìn. Ìwọ̀nba ìran Ceratitida ló là á já. Bí àkọlé òkúta bá ní Triassic (ìgbà tó tẹ̀lé Permian), tí o sì ti pe òkúta náà ní Goniatitida, yẹ àkọlé wò, kí o sì tún ìlà náà yà.