Mo fi owó jẹ wọ́n níyà títí wọ́n fi dákẹ́: bí mo ṣe mú ìlànà sójà wọ ilé búrẹ́dì mi l'Ádó-Èkìtì

₦285,000 ni mo san kí míkísà wa, ẹ̀rọ tí a fi ń po fúláwà, tó padà ṣiṣẹ́. Owó kóìlì, ìyẹn wáyà inú mọ́tò iná tó ń yí i, tí wọ́n tún wé, àti béárìnì méjì tó ń jẹ́ kó yí geere nìyẹn. Mi ò tíì ka ọjọ́ mẹ́ta tí a kò fi po nǹkan kan, tí àwọn oníbàárà mi ní Ọjà Ọba sì lọ ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Béárìnì méjèèjì kò tó ₦20,000. Ká ní mo tètè gbọ́ ni, owó tí ǹ bá ná kò ní ju ìyẹn lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn òṣìṣẹ́ mi gbọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni béárìnì yẹn fi ń ké lóru, gbogbo àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi sì wà níbẹ̀. Ọmọ tó kéré jù nínú wọn, èyí tó ń fi bọ́tà pa páànù, tilẹ̀ gbóòórùn iná lára mọ́tò náà ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó jó. Kò sí ẹni tó pè mí.

Mo ti pinnu pé n ó yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù gbogbo wọn. Mo kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi lọ ní Ìkẹ́rẹ́. Sójà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, mo sì rò pé wọ́n á gbè mí. Wọ́n gbọ́ mi dópin, wọ́n ní, "Ta ló wá sọ fún ọ kẹ́yìn pé nǹkan bàjẹ́?"

Mo ní ọmọ tó fọ́ gíláàsì ilẹ̀kùn ófìnnì ni.

"Kí lo ṣe fún un?"

Mo ní mo yọ owó gíláàsì náà lára owó oṣù rẹ̀.

"Ìwọ náà lo ti sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀ mọ́ nìyẹn. Owó kóìlì yẹn, ìwọ ni kó o san án."

Inú bí mi, àmọ́ mi ò rí èsì fún wọn. Wọ́n ní nínú iṣẹ́ ológun, ọ̀gá lè pín iṣẹ́ fún ọmọ ogun, ṣùgbọ́n ẹ̀bi kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n wá mẹ́nu ba Fájuyì, ọmọ Adó tiwa, ológun tó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Gbogbo wa la mọ ti July 29, 1966 ní Ìbàdàn, bí kò ṣe fi Ironsi, olórí ìjọba ológun tó jẹ́ àlejò rẹ̀, sílẹ̀ títí wọ́n fi pa àwọn méjèèjì. Lójoojúmọ́ ni mo ń gba ẹ̀gbẹ́ Fajuyi Park kọjá. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé lọ́dún 1951 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ, nítorí pé ó bá wọn pẹ̀tù sí ọ̀tẹ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló dá ọ̀tẹ̀ náà sílẹ̀. Bàbá ní, "Kí ni àwọn ọmọ tìrẹ ń jẹ lóru?"

Búrẹ́dì tó bàjẹ́ ni wọ́n ń jẹ, láti aago méje alẹ́ di aago márùn-ún ìdájí. Ìyẹn kò gba àkókò láti tún ṣe: ẹ̀wà tàbí ìrẹsì lálẹ́, èmi ni mo sì ń jẹun kẹ́yìn, bí ọ̀gá ológun ṣe ń ṣe.

Ìlànà ológun kejì tí mo mú wọlé ni ìjókòó ìdájí, òun ló fẹ́ pa mí. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1979: bí iṣẹ́ bá ti parí, gbogbo ẹni tó ṣe é, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, á jókòó bi ara wọn pé, kí la fẹ́ ṣe? Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló fà á? Kí la ó ṣe lọ́la? Wọn kì í fìyà jẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó dà bí ohun tó rọrùn lójú mi.

Ní ìdájí kìn-ín-ní, mo bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru. Bẹ́kà àgbà ní, "Kò sí wàhálà kankan, ọ̀gá." Àwọn yòókù wolẹ̀. Bí mo ṣe ń lọ síbi mọ́tò mi ni mo rí àpò kan lẹ́yìn ilé, búrẹ́dì tó jó ló kún inú rẹ̀, bí ogójì. Báyìí la ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ń san owó àfikún fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń wò mí lójú. Lọ́jọ́ kan mo pariwo pé kí wọ́n sọ̀rọ̀, ọjọ́ náà ni mo tún ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ohun méjì ni mi ò rí. Àkọ́kọ́, ìwé tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ ìjókòó sí, òun náà ni ìwé tí mo ń kọ owó tí mo bá yọ sí! Wọ́n mọ àwọ̀ ìwé yẹn dáadáa. Ìkejì, bẹ́kà àgbà ló mú mẹ́rin nínú wọn wá láti ìlú rẹ̀. Ọmọ wo ni yóò la ẹnu níwájú rẹ̀ pé ófìnnì tí ẹ̀gbọ́n dáná sí ti gbóná jù? Ẹ̀kọ́ ilé ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, kì í ṣe oríkunkun.

Mo pe Bàbá lórí fóònù. Wọ́n ní ní kóòtù àwọn ológun, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dá ẹjọ́, ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù ni í kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ọ̀gá má baà dí i lẹ́nu. Wọ́n ní, "Àmọ́ kó tó kàn án, sọ ẹ̀bi tìrẹ."

Mo mọ èyí tó yẹ kí n sọ. Nígbà tí fúláwà gbówó lórí, mo ní kí wọ́n máa gé búrẹ́dì ní 450 gíráàmù dípò 500, owó rẹ̀ kò yí padà, 500 ló sì wà lára ọ̀rá rẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá pé gbogbo ọjà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá ológun Jámánì sọ ní Nuremberg pé àṣẹ làwọn tẹ̀lé, ilé ẹjọ́ kò sì gbà á. "Ìwọ tó pàṣẹ wá ńkọ́?"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo mú ìwé tuntun wá. Mo sọ ọ́ níwájú wọn pé èmi ni mo ní kí wọ́n rẹ́ àwọn ènìyàn jẹ, mi ò sì ní pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà mo yíjú sí ọmọ oníbọ́tà. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn tó ń tà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, máa ń bú àwọn lórí ìwọ̀n náà. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Ọ̀gá, mo gbóòórùn míkísà yẹn. Ẹ̀rù yín ló bà mí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rọrùn fún mi.

Mo dá ìwọ̀n padà sí 500, mo fi owó lé e. Àwọn oníbàárà méjì bínú lọ, ọ̀kan ti padà.

Bẹ́kà àgbà kò jókòó pẹ̀lú wa fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó ní mò ń jẹ́ kí ọmọdé fojú di òun. Bí mo bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ilé rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ lọ lọ́jọ́ Àìkú kan, kí n ṣàlàyé fún un níwájú ìyàwó rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Ohun tí mo ṣe nìyẹn nígbẹ̀yìn, ó sì gbà pé òun ni yóò máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, kó lọ rí àgbà iṣẹ́ rẹ̀ ná, kó sì ra ìwé mìíràn.

Lóṣù tó kọjá, fóònù mi dún ní aago méjì òru. Bẹ́líìtì míkísà ti fẹ́ ya, wọ́n ti pa iná rẹ̀. ₦6,000 la fi pààrọ̀ rẹ̀, búrẹ́dì sì dé ọjà lásìkò. Inú mi dùn débi pé mi ò lè sùn mọ́. Ṣùgbọ́n owó kóìlì yẹn, mo ṣì ń san án padà fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó ku oṣù mẹ́rin.